Iná Tó Sáré Lórí Amọ̀

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù lọ, mo rí iná tó ń sáré lórí ilẹ̀ tútù. Kò pupa bí iná tí mo mọ̀. Àwọ̀ aró ló ní, ó sì rọra ń yọ́ lọ bí aláǹgbá láàárín ẹsẹ̀ mi. Èmi ni mo gbé iná náà wá. Mo fi àpáàdì bu ẹyín iná mẹ́ta láti ìdí ààrò, mò ń gbé e lọ sábẹ́ àtíbàbà tí ìkòkò tútù wà, kí a lè fi yá wọn díẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹyín iná náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì amọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n fi igi ṣà á. Kí igi mi tó kàn án, ilẹ̀ ti gba iná. Ó kọrí sí kòtò amọ̀, Àǹtí mi sì wà nínú kòtò yẹn, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, amọ̀ ti mù ún dé orúnkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé iná òògùn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni màá sọ. Èyí tí mo bá gbọ́ lẹ́nu àgbà, màá sọ pé mo gbọ́ ọ ni.

Ìkòsì ni a ń gbé, ní apá ìsàlẹ̀ tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sọ́nà odò. Nígbà yẹn, ẹni tó bá dúró ní Kétu ṣì lè rí igbó lọ́ọ̀ọ́kán, àkèré sì máa ń ké wọ inú yàrá wa. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ alásè nílé àwọn kan ní Mende, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń wálé. Ìyá tó bí i, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá àgbà, ni mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi àti Àǹtí mi tó jẹ́ àbúrò Màmá. Abẹ́òkúta ni Ìyá àgbà ti wá, iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló sì bá wá. Bàbá onílé tó fún wa láyè jẹ́ ọmọ Ìkòsì gan-an, Mùsùlùmí ni. Àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n orù tí Ìyá àgbà mọ ló ti ń bu omi àlùwàlá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ike láyé lè rò pé a kàn ń bu amọ̀ ni, a sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ di ìkòkò. Rárá o. A kì í wa amọ̀ lónìí kí a mọ ọ́n lónìí. A ó fi í sílẹ̀ nínú kòtò pẹ̀lú omi, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, títí yóò fi kan. Amọ̀ tó bá kan dáadáa máa ń rùn. Ìyá àgbà á ki ìka bọ̀ ọ́, á gbé e símú, á fi díẹ̀ kan ahọ́n, á ní, "Ó ti dàgbà." Amọ̀ tí kò rùn, ọmọdé ni lójú rẹ̀, lílà ni yóò là. Lójú omi kòtò, ẹ ó tún rí ohun kan tó ń dán bí òṣùmàrè. Ìyẹn náà, àmì amọ̀ tó dára ni.

Lẹ́yìn náà ni a ó gún àpáàdì, ìyẹn àfọ́ ìkòkò àtijọ́, nínú odó. A ó jọ̀ ọ́ bí ẹni jọ èlùbọ́, a ó pò ó mọ́ amọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìkòkò bẹ́ nínú iná. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ìkòkò tó ti kú ló ń kọ́ ìkòkò tuntun bí a ṣe ń fara da iná. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, yóò dojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, yóò wọ́n eérú sí i lára kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, yóò na amọ̀ bò ó. Ìyẹn ni ìdí. Tó bá le díẹ̀, yóò ṣí i, yóò máa fọwọ́ yí amọ̀ gígùn bí okùn, yóò máa tò ó lé e lórí yíká yíká. A kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń yí ìkòkò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i po, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló sì ń rìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Àfọ́ igbá ló fi ń ha á, ṣùkù àgbàdo ló fi ń ya ọ̀nà sí i lára, ewé tútù ló fi ń dán ẹnu rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rí obìnrin tó ń fẹ̀yìn rìn, ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù nípa iṣẹ́ náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Tí a bá sun ìkòkò tán, kí ó tó tutù, a ní omi kan tí a fi èèpo èso igi irúgbá sè, igi tí a ń rí irú ọbẹ̀ lórí rẹ̀. A ó fi ewé wọ́n omi yìí sí ìkòkò gbígbóná náà, á dún ṣàà, á dúdú. Omi yẹn ló ń dí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ìkòkò tí kò bá mu ún yóò máa sun. Bí ẹ bá rọ omi sí i, omi á máa jáde. Bí ẹ bá rì í mọ́ ilẹ̀ tútù, ohun tó wà nínú ilẹ̀ á máa wọlé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, odò kún, ó gbé iyanrìn wá dí kòtò amọ̀ wa àtijọ́. Amọ̀ tó kù nílé kò ju èyí tí Ìyá àgbà fi mọ ìkòkò bíi ogún lọ, ìyẹn àwọn tó ń gbẹ lábẹ́ àtíbàbà. Bàbá onílé wá ní kí a gbẹ́ kòtò tuntun sí igun àgbàlá wa, lápá òkè, ibi tó kángun sí ẹ̀yìn ilé epo kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀bá títì. Mi ò ní dárúkọ ilé epo náà. Ẹni tó ni ín lè ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè wà láàárín yín.

Kòtò tuntun náà yà wá lẹ́nu. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí amọ̀ fi ń rùn, lójú omi rẹ̀ sì ni òṣùmàrè wà, ó nípọn ju èyí tí a ti ń rí rí lọ. Inú Ìyá àgbà dùn gan-an. Ó ní láti ìgbà tóun ti dé Ìkòsì, òun kò rí amọ̀ tó tètè dàgbà báyìí. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ta díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èéfín ogójì ọdún ti pa imú rẹ̀, ohun tó sì ti mọ̀ látìgbà èwe ni pé amọ̀ tó ń rùn ni amọ̀.

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, amọ̀ yìí ń rùn bíi mọ́tò."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Kí ni kò rùn bíi mọ́tò ní Kétu? Ẹ̀wà tí o jẹ lánàá ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí máa ń fọ́ mi tí mo bá pẹ́ lẹ́bàá kòtò náà, ẹsẹ̀ Àǹtí mi sì ń bó. Mi ò sọ ti orí mi fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n máa pè mí.

Báyìí ni àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe bá wa. Mo kígbe. Ìyá àgbà wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń fi òkúta dídán ra ikùn àmù kan. Ó gbójú sókè, ó rí iná, ó rí ibi tó ń lọ. Mo sáré sí korobá omi. Ó pariwo, "Má da omi sí i! Ṣé o fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Àǹtí rẹ ni?" Ó mọ̀ bí epo ṣe ń léfòó, ẹni tó ti ń din àkàrà rí kì í fi omi pa iná epo. Ó gbé àmù tó ń ra lọ́wọ́, ó sọ ọ́ mọ́ ojú ọ̀nà iná náà. Ó tún gbé òmíràn. Àwọn ìkòkò yẹn kò tíì wọ iná, amọ̀ gbígbẹ lásán ni wọ́n, tí wọ́n bá ti fọ́, wọ́n á di ìyẹ̀fun. Ó ń fọ́ wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ó ń fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun náà bo iná. Iṣẹ́ oṣù kan gbáko ni. Mo ń gbé wọn fún un, ó ń fọ́ wọn, kò sì wo èyí tó dára tàbí èyí tí kò dára.

Àǹtí mi kò lè jáde. Amọ̀ tí ẹ bá ti tẹ̀ dé orúnkún kì í dá ẹsẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Bó ṣe ń fa ọ̀kan ni èkejì ń rì. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìyá, ẹsẹ̀ mi! Ìyá, ẹsẹ̀ mi!" Ìyá àgbà na ọmọ odó sí i, òun àti èmi fà á títí a fi ṣubú sẹ́yìn, ó sì jáde. Iná rí ibì kan tí ìyẹ̀fun kò dé, ó gba etí kòtò kọjá, ó jó o ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí a tó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, kòtò náà fúnra rẹ̀ dún gbìì, iná sì yọ lẹ́nu rẹ̀ bí iná ààrò. Ibi tí Àǹtí mi dúró sí ni.

Àwọn aráàlé fi iyanrìn bò ó títí ó fi kú. Wọ́n gbé Àǹtí lọ sí ilé ìwòsàn, ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀, mi ò rántí iye rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo rántí pé láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kan ìṣáná mọ́, mi ò sì sún mọ́ ààrò.

Iná ti kú lójú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. A kò mọ ibi tí ilẹ̀ ti lè tún gbiná. Ìyá àgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná ní àgbàlá wa. Ilé Bàbá onílé ní òdìkejì ọ̀nà ni a ti ń sebẹ̀. Obìnrin aládùúgbò kan máa ń dúró lẹ́yìn ọgbà, á ní, "Ìyá Ẹ̀gbá, ṣé ìkòkò lẹ̀ ń sun ni, àbí ilẹ̀ onílẹ̀?" Ìyá àgbà á kọjá lára rẹ̀ lọ wo kànga. Lójú rẹ̀, kànga nìkan ló ṣe pàtàkì, kànga kan ṣoṣo tí gbogbo ilé mẹ́fà tó yí wa ká ń pọn.

Ó ti yé e báyìí pé epo ló ń jò wá sínú ilẹ̀ wa láti inú táǹkì tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ní ilé epo náà, ó lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà kò bínú, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, amọ̀ yín ló ń rùn o. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún gbogbo èèyàn pé amọ̀ tó rùn ló dáa. Ṣé kí n wá máa ta amọ̀ ni?"

Ìyá àgbà ní, "Ó dáa, Ọ̀gá." A sì padà sílé.

Ó lọ bá Bàbá onílé. Bàbá jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá amọ̀kòkò, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè wú táǹkì olówó. Àwọn àbúrò mi gan-an ti ń sọ pé ẹ̀yin lẹ gbé iná wọ ilẹ̀ wa, pé kí ẹ kó lọ."

Ìyá àgbà ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìkòkò ni yóò sọ ọ́."

Orù márùn-ún wà lẹ́yìn ilé tí a ti sun ṣáájú kí odò tó kún. Omi irúgbá tán kí ó tó kàn wọ́n, nítorí náà wọ́n ń sun omi, a kò lè tà wọ́n. Ìyá àgbà kó wọn jáde. Ó rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ dé ọrùn, láti ìdí ògiri ilé epo títí dé ẹ̀bá kànga, ó tò wọ́n bí ẹni gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fi ọmọrí dé wọn, ó fi òkúta lé ọmọrí náà. Òfìfo ni gbogbo wọn. Kò rọ ohunkóhun sí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ránṣẹ́ sí Bàbá onílé, ó ránṣẹ́ sí àwọn onílé yòókù, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé epo náà pẹ̀lú. Ọ̀gá náà wá, ó ní òun kàn fẹ́ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Màmá ni. Ìyá àgbà ṣí orù ti ìdí ògiri. Ó ti kún dé àárín. Kò sí ẹni tó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbóòórùn rẹ̀, bẹntiróòlù ni. Ó ṣí èkejì, ó dín díẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kẹta, omi ni, òṣùmàrè sì bo ojú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó wà lẹ́bàá kànga, omi inú rẹ̀ mọ́ lójú. Bàbá onílé ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e símú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó na ìka náà sí ọ̀gá ilé epo. "Gbóòórùn rẹ̀. Omi tí àwọn ọmọ mi ń mu nìyẹn."

Ọ̀gá náà gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pariwo. A máa wú u. A máa wú u lónìí."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n wú u, ṣùgbọ́n wọ́n wú u. Mo gbọ́ pé ihò tó wà nísàlẹ̀ táǹkì náà kò ju ojú ìka ọmọdé lọ. Wọ́n ti ilé epo náà pa. Wọ́n dí kànga pẹ̀lú pákó, gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń lọ pọn omi níbi tó jìn. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí a kó lọ. Obìnrin aládùúgbò náà sì wá kí Àǹtí mi nígbà tó délé, ó gbé ọsàn wá, kò sọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀, a kò sì rán an létí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Ilé alájà ló wà níbi tí àtíbàbà wa wà. Ike ni gbogbo wa fi ń pọn omi, èmi náà fi ń pọn ọ́n. Láti Kétu dé Magodo, ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì epo sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ilé epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń kọjá nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó sùn lé, kò sì sí ìkòkò mọ́ tí yóò sọ fún wa. Èmi kì í ṣáná kí n tó fi imú fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin ọmọ mi sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbóòórùn ohun tí kò yé yín, ẹ má sọ ohun tí àwa sọ. Ẹ má ní bí Èkó ṣe ń rùn náà nìyẹn.

Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni Ìyá àgbà fi ń rì orù mọ́ ilẹ̀, tó ń wú u, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Nítorí imú rẹ̀ tó ti kú, imú Àǹtí mi ló ń yá. Àǹtí á tiro wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti san, á bẹ̀rẹ̀, á mi orí, wọn á tún da ilẹ̀ bò ó. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó dìde, kò mi orí. Ó ní, "Ìyá, omi lásán ni." Wọ́n wo gbogbo orù márààrún. Omi lásán ni.

Ìyá àgbà gbé orù ẹ̀bá kànga jáde lọ sí iwájú ilé, ibi tí iyanrìn wà, tó jìnnà sí gbogbo nǹkan. Ó ti bu iná díẹ̀ wá láti ilé Bàbá, ó fi igi gígùn tì í bọ inú orù náà láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kan, iná náà kú. Ó wá yíjú sí mi. Kò pàṣẹ. Ó kàn na àpáàdì kan sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, lọ bu iná wá lọ́dọ̀ Bàbá."

Mo ní, "Ìyá àgbà, mi ò lè gbé e."

Ó ní, "Mo mọ̀. Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Mo sọdá. Ìyàwó Bàbá bu ẹyín iná kan ṣoṣo fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àpáàdì náà mú, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi títí mo fi padà dé. Mo dúró létí orù náà. Ìyá àgbà wà lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi, Àǹtí sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo dojú àpáàdì náà délẹ̀.

Ẹyín iná náà bọ́ sínú omi, ó dún ṣìì, ó dúdú, ó sì léfòó.

A dúró ń wò ó. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá àgbà gba àpáàdì lọ́wọ́ mi, ó nu eérú ara rẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, "Lọ bu òmíràn wá, kí a dáná nílé wa. Ebi ń pa Àǹtí rẹ."

Mo lọ bù ú wá.